"Elétò ìdìbò" kọ́ ni Taagepera

Ẹ̀yin ará mi, ọ̀rọ̀ yìí ò jẹ́ kí n sùn. Ẹni tó kọ̀wé lánàá nípa Ọ̀jọ̀gbọ́n Rein Taagepera, ọmọ Estonia, pè é ní "elétò ìdìbò." Elétò kẹ̀? Ẹ tú u wò: oní + ètò. Ẹni tí ètò wà níkàáwọ́ rẹ̀ nìyẹn. Bí ìyá mi àgbà bá débi ìnáwó, tí wọ́n ní "ta ni elétò ibí?", ẹni tó ń pín oúnjẹ ni wọ́n ń wá. Ní Nàìjíríà, àjọ elétò ìdìbò ló ń gbé àpótí wá, àwọn ló ń fi yíńkì sàmì sí wa léèékánná.

Taagepera ò gbé àpótí fún ẹnikẹ́ni. Ìlú Tartu ní Estonia ni wọ́n bí i sí ní 1933. Ogun lé wọn kúrò nílé ní 1944, ó kàwé ní Mòrókò, ó gboyè ọ̀mọ̀wé nínú físíìsì ní Amẹ́ríkà kó tó yà sídìí ìmọ̀ ìṣèlú. Òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Markku Laakso, ló gbé ìṣirò kan jáde ní 1979, èyí tó ń sọ iye ẹgbẹ́ òṣèlú tó tẹ̀wọ̀n ní tòótọ́. Ká ní ẹgbẹ́ 3 pín ìbò ní 0.5, 0.3 àti 0.2: ẹ fi ìpín kọ̀ọ̀kan lọ́po ara rẹ̀, ẹ ro wọ́n pọ̀, 0.38 ni. Ẹ fi ìyẹn pín 1, ẹgbẹ́ bíi 2.6 ló tẹ̀wọ̀n níbẹ̀. Tẹ̀wọ̀n ni mo wí. "Ẹgbẹ́ tó ń ṣiṣẹ́" tí ẹni àná fi túmọ̀ "effective parties" ò gbé e rárá. Ní 1992 ó tiẹ̀ díje dupò ààrẹ Estonia, kò wọlé. Ṣé elétò ló ń díje ni?

Ọ̀gá kan ti dá mi lóhùn pé ó ti lé lógún ọdún tí àwọn ti ń kọ́ni ní Yorùbá, pé "ètò ìdìbò" ni gbogbo ayé ń lò fún "electoral system". Mo dọ̀bálẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi, àmọ́ ọdún ò yí iṣẹ́ "oní" padà. Onímọ̀ ìlànà ìdìbò ni kí ẹ pè é. Ìmọ̀ ni "oní" fi lé e lọ́wọ́ níbẹ̀. Ìlànà ní tirẹ̀, ọ̀nà wà nínú rẹ̀: ọ̀nà tí ìbò ń gbà di ìjókòó nílé aṣòfin, èyí tí bàbá yìí fi ọ̀pọ̀ ọdún tọpa.

Wọ́n tún pè é ní "olóṣèlú": oní + òṣèlú. Òṣèlú fúnra rẹ̀ ti jẹ́ èèyàn, ò- ti ṣiṣẹ́ tán níwájú ṣèlú. Kí ni "oní" tún wá ṣe níbẹ̀? Kí ẹni tó kọ ọ́ dá mi lóhùn.