Ọbẹ̀ ṣíìsì mi ń ya, ará ilé ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: ẹ gbà mí o

Ìyá Àbíkẹ́yìn:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má bú mi, inú mi ò dùn rárá lónìí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń se makaróní oníṣíìsì fún àwọn ará ilé mi. Ṣíìsì Cheddar gidi ni mò ń lò, kì í ṣe ayédèrú. Mo máa ń dúró ti iná títí ẹsẹ̀ á fi máa ro mí. Kí wá ni èrè mi? Ọkọ mi á fi ṣíbí tú u wò, á ní, "Kí ló dé tó ń ṣe kóró-kóró báyìí?" Àkọ́bí mi á ti abọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, á gbé fóònù. Àbíkẹ́yìn ò tiẹ̀ fẹ́ rí i sójú mọ́, àṣejù ló ń ṣe é.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin. Ó wá kí wa, ó tọ́ ọ wò, ó rẹ́rìn-ín, ó ní tòun máa ń jọ̀lọ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ lésẹ̀, ó wá ń ṣàlàyé fún ọkọ mi bí òun ṣe ń sè é, níṣojú mi! Ìkòkò tí mo fi ń sè é gan-an, òun ló fi ta wá lọ́rẹ nígbà ìgbéyàwó, ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ́lẹ́ báyìí, ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún? Mi ò fèsì. Mo palẹ̀ abọ́ mọ́, mo wọ yàrá lọ.

Àlejò ń bọ̀ lópin ọ̀sẹ̀ yìí, òun náà wà lára wọn. Kí ni mo lè ṣe tí ojú ò fi ní tì mí?

Ìyá Ìbejì:
Ẹ pẹ̀lẹ́, ma. Ṣùgbọ́n ẹ ti ròyìn ẹ̀gbọ́n ọkọ yín tán, ẹ ò sọ bí ẹ ṣe ń sè é. Ìgbà wo lẹ̀ ń da ṣíìsì sí i? Ṣé iná ṣì ń jó lábẹ́ ìkòkò nígbà náà? Ṣé ẹ̀yin lẹ̀ ń rin ín ni, àbí èyí tí wọ́n ti rin sínú ọ̀rá lẹ̀ ń rà?

Bàbá Ìdílé:
Má dá wọn lóhùn, màámi. Nígbà tí ìyàwó mi rìnrìn-àjò, èmi ni mò ń dáná fún àwọn ọmọ. Mo gé Cheddar wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, mo dà á sínú ìkòkò tó ń hó kùtùkùtù. Ìsàlẹ̀ di rọ́bà, òkè kún fún òróró. Àwọn ọmọ jẹ ẹ́ tán, wọ́n tún lá abọ́. Ọmọ tí ebi bá ń pa kì í ṣe yàn-ń-yàn. Ẹ jẹ́ kí ebi pa wọ́n díẹ̀.

Ìyá Ìbejì:
Bàbá, obìnrin yìí ń wá bí ọbẹ̀ ṣe máa dán, ẹ ní kó febi pa ọmọ.

Aláṣè Òru:
Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìkòkò. Purotéènì ló di ọ̀rá àti omi mú nínú ṣíìsì. Bí iná bá pọ̀ jù, purotéènì yẹn á sún kì, á fún ọ̀rá àti omi jáde. Ohun tó kù ni kóró-kóró tí ọkọ yín ń rí. Òróró tó ń léfòó, ọ̀rá Cheddar fúnra rẹ̀ ni. Tó bá ti yà báyẹn, ó ṣòro kó tó padà.

Bí èmi ṣe ń ṣe é: mo máa ń yọ́ bọ́tà gíráàmù 30 lórí iná jẹ́ẹ́jẹ́, màá da fúláwà gíráàmù 30 sí i, màá rò ó díẹ̀ títí òórùn fúláwà tútù á fi lọ. Màá wá máa da mílíìkì ìdajì lítà sí i díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ mi ò ní kúrò lára ṣíbí, kó má baà ní kókó. Ibí yìí ló ti yẹ kó hó, kó lè jinná, kó sì ki. Lẹ́yìn náà, màá GBÉ E KÚRÒ LÓRÍ INÁ. Ó di ìgbà tí híhó yẹn bá rọlẹ̀ pátápátá kí n tó wọ́n Cheddar sí i, ẹ̀kúnwọ́ kan lẹ́ẹ̀kan, gíráàmù 150 sí 200 lápapọ̀. Ooru tó wà nínú mílíìkì á yọ́ ọ. Mi ò ní dá a padà sórí iná mọ́.

Ẹ má fi iyọ̀ sí i kí ẹ tó tọ́ ọ wò. Iyọ̀ tó wà nínú Cheddar tẹ́lẹ̀ ń lọ sí bíi gíráàmù 2 nínú gíráàmù 100.

Ìyá Àbíkẹ́yìn:
Ẹ ṣé o. Ṣùgbọ́n ti iná yẹn, mi ò gbà. Oúnjẹ tí kò hó, ṣé oúnjẹ nìyẹn? Mo máa ń jẹ́ kó hó dáadáa lẹ́yìn tí mo bá da ṣíìsì sí i, kó lè jinná. Èyí tó gbó jù lọ ni mo sì ń rà, èyí tó ń ta lẹ́nu. Torí pé wọ́n jẹ́ ẹbí mi ni mo ṣe ń ra èyí tó dára jù fún wọn.

Aláṣè Òru:
Ẹ ti dáhùn ìbéèrè yín fúnra yín, ma. Ṣíìsì ò nílò kó jinná, yíyọ́ ló nílò. Èyí tó ta lẹ́nu yẹn gan-an ló sì tètè ń ya, torí pé bí Cheddar bá ṣe ń gbó, purotéènì rẹ̀ ń já wẹ́wẹ́, kì í di ọ̀rá mú bíi ti tẹ́lẹ̀. Èyí tí kò tíì pẹ́ púpọ̀ ló ń yọ́ jọ̀lọ̀. Ẹ dà wọ́n pọ̀: kí èyí tí kò gbó pọ̀ jù, kí ẹ fi díẹ̀ nínú èyí tó gbó sí i fún adùn. Ìyẹ̀fun músítáàdì díẹ̀ náà ń gbé adùn rẹ̀ jáde.

Ọmọ Ìkòkò:
Kí ni gbogbo wàhálà yìí fún? Ẹ ra ṣíìsì pẹlẹbẹ tí wọ́n ti ṣe sínú ọ̀rá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ hó o láàárọ̀, ẹ hó o lálẹ́, kì í ya. Mi ò mọ ìdí tí ẹ fi ń fi ayé ni ara yín lára.

Bàbá Ìdílé:
Èyí tí o ń sọ yẹn kì í ṣe ṣíìsì. Cheddar ní ìlú tirẹ̀, abúlé kan ní Somerset ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni orúkọ yẹn ti wá. Tí mílíìkì bá ti dì, wọn á gé e ní pẹlẹbẹ, wọn á tò ó léra wọn, wọn á máa yí i, kí omi inú rẹ̀ lè ro dànù. Iṣẹ́ ọwọ́ ni. Ọ̀gbẹ́ni Joseph Harding ló là á sílẹ̀ bí wọ́n á ṣe máa ṣe é kan náà níbi gbogbo, láti ohun tó lé ní 150 ọdún sẹ́yìn. Ìwọ wá ń sọ ti ọ̀rá.

Ọmọ Ìkòkò:
Bàbá, ṣé Ọ̀gbẹ́ni Harding ló máa wá bá wọn dáná lópin ọ̀sẹ̀ ni?

Aláṣè Òru:
Ẹ má jà. Ohun tí kì í jẹ́ kí ṣíìsì pẹlẹbẹ yẹn ya ni iyọ̀ kan tí wọ́n fi sí i, bíi sodium citrate, tó ń so ọ̀rá àti omi pọ̀. Béèyàn bá ju ẹyọ kan tàbí méjì sínú ọbẹ̀ Cheddar gidi, ó ń ràn án lọ́wọ́. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ti rin tẹ́lẹ̀, sítáàṣì tàbí nǹkan mìíràn wà lára rẹ̀ tí kì í jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ra, kì í yọ́ bíi èyí tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín rin.

Ìyá Ìbejì:
Mo ti béèrè nípa ìyẹn láti òkè, wọn ò dáhùn. Tọkọ yín ńkọ́, ma? Ṣé gbígbóná ló ń jẹ ẹ́ ni, àbí ó máa ń pẹ́ kó tó dé?

Ìyá Àbíkẹ́yìn:
Ó máa ń pẹ́. Mo máa ń gbé e gbóná fún un lórí iná ni. Ṣùgbọ́n èmi ni mò ń rin ín o, ọwọ́ mi ni mo fi ń rin ín. Mi ò kì í ṣe ọ̀lẹ. Àwọn ọmọ ni ẹ bá mi bá wí. Àkọ́bí, mo mọ̀ pé ẹnu lásán ni. Ti àbíkẹ́yìn ló ń bí mi nínú. Tó bá jẹ ṣíbí méjì báyìí, á ní ẹnu ń yún òun, á máa fi ọwọ́ ha ọrùn. Nígbà tó kọ́kọ́ ṣe é, mo ní kó jẹ ẹ́ tán, ló bá bì. Ní tèmi, eré lásán ni, kó má baà jẹ ẹ́ ni.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:
Ẹ jọ̀wọ́, ma, ẹ fi ti ọbẹ̀ sílẹ̀ ná. Tó bá jẹ ẹ́, báwo ló ṣe máa ń pẹ́ tó kí yíyún náà tó bẹ̀rẹ̀? Ṣé ètè tàbí ojú rẹ̀ máa ń wú? Ṣé nǹkan máa ń sú sí i lára?

Bàbá Ìdílé:
Ọmọ tó bá mọ̀ pé tóun bá bì, wọ́n á gbé abọ́ kúrò níwájú òun, á máa bì. Mo ní ọ̀kan nílé.

Ìyá Àbíkẹ́yìn:
Kì í pẹ́, kó tiẹ̀ tó jẹ ẹ́ tán. Ètè rẹ̀ máa ń wú díẹ̀, kò pọ̀, á sì lọ tó bá sùn. Mo rò pé ata ló ń ṣe é, bẹ́ẹ̀ sì rèé mi ò fi ata sí i.

Ìyá Ìbejì:
Nọ́ọ̀sì, ẹ má dẹ́rù bà wọ́n. Mílíìkì kì í bá ọkọ mi lára mu, inú rẹ̀ á máa kùn, á máa wú, ṣùgbọ́n kì í sí nǹkan tó bá jẹ Cheddar tó gbó. Tó bá ti gbó, ṣúgà mílíìkì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú rẹ̀. Kí wọ́n fi èyí tó gbó jù lọ se tọmọ yẹn.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:
Rárá o! Ẹ má fún un rárá. Ti ọkọ yín yàtọ̀ pátápátá. Ṣúgà mílíìkì ni ara tirẹ̀ kì í gbà, ìyọnu inú nìyẹn. Ẹnu tó ń yún, ètè tó ń wú, èébì, kíá lẹ́yìn oúnjẹ: àléjì nìyẹn jọ. Purotéènì mílíìkì ni ara ń bá jà nínú irú èyí, kò sì sí bí Cheddar ṣe lè gbó tó tí purotéènì á tán nínú rẹ̀.

Mi ò lè sọ pé bó ṣe rí gan-an nìyẹn láti ibi tí mo wà, dókítà ló máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣé ó máa ń mu mílíìkì?

Ìyá Àbíkẹ́yìn:
Ó ti kórìíra rẹ̀ tipẹ́. Tí mo bá fi bọ́tà pa búrẹ́dì fún un, á fi ẹ̀yìn ṣíbí ha á kúrò títí ojú búrẹ́dì á fi ya. Àwa ń pè é ní olóríkunkun.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:
Kì í ṣe oríkunkun, ma. Ara ẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀.

Ọmọ Ìkòkò:
Mo gbọ́ pé tí wọ́n bá yan mílíìkì nínú kéèkì títí, àwọn ọmọ kan máa ń lè jẹ ẹ́. Kí wọ́n gbé makaróní yẹn sínú ófùn títí, kí wọ́n wò ó.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:
Òótọ́ ni pé àwọn ọmọ kan wà bẹ́ẹ̀. Ojú dókítà ni wọ́n ti ń dán an wò, kì í ṣe ìdí ààrò. Ẹ má fi ọmọ ọlọ́mọ dán nǹkan wò.

Ìyá Àbíkẹ́yìn, títí ẹ ó fi rí dókítà: kò gbọ́dọ̀ jẹ ṣíìsì, mílíìkì, bọ́tà, kíríìmù. Ẹ má fi mílíìkì ewúrẹ́ rọ́pò rẹ̀, purotéènì wọn jọra. Ẹ máa ka ara páálí oúnjẹ: tẹ́ ẹ bá rí whey tàbí casein níbẹ̀, mílíìkì ni. Ṣíbí tẹ́ ẹ fi ro ọbẹ̀ ṣíìsì ò gbọ́dọ̀ wọ inú oúnjẹ rẹ̀. Tó bá ṣèèṣì jẹ ẹ́ tí ohùn rẹ̀ yí padà, tó ń húkọ́, tí mímí ń nira, tàbí tó ń rọ jọwọrọ, ẹ pe àwọn tó ń gbé aláìsàn pàjáwìrì lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ní kó lọ sùn.

Ìyá Àbíkẹ́yìn:
Ẹ ti da jìnnìjìnnì bò mí. Mo wá ìrànlọ́wọ́ ọbẹ̀, ẹ fún mi ní àìsàn. Bó ti wù kó rí, ọkọ mi ti pe ọsibítù, wọ́n ní ká mú un wá lọ́la. Àwọn àlejò ńkọ́ báyìí? Ṣé kí n má se makaróní yẹn mọ́ rárá ni?

Aláṣè Òru:
Ẹ lè sè é fún àwọn tó kù. Ẹ kọ́kọ́ se makaróní nínú omi lásán, ẹ bu tọmọ kúrò kí mílíìkì kankan tó dé ibẹ̀, ẹ fi òróró àti tòmátì ṣe tirẹ̀, kí abọ́ rẹ̀ wà lọ́tọ̀. Ti ọkọ yín, tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e gbóná, ẹ fi mílíìkì díẹ̀ là á, kí iná má ju jẹ́ẹ́jẹ́ lọ, ẹ máa rò ó. Iná gbígbóná kejì yẹn ló ń ba èyí tó bọ́ lọ́wọ́ àkọ́kọ́ jẹ́.

Bàbá Ìdílé:
Aláṣè, níwọ̀n ìgbà tí o wà níbí, Cheddar mi nínú fíríìjì ní funfun lára. Ṣé kí n jù ú nù?

Aláṣè Òru:
Tó bá le, tó ń ṣe wọrọ-wọrọ lábẹ́ eyín, kò sí nǹkan, ó máa ń yọ lára Cheddar tó bá ti gbó. Tó bá hu irun tàbí tó ní àwọ̀ ewé, èébu ni. Bó bá jẹ́ odidi, ẹ gé ibẹ̀ kúrò, kí ẹ gé tó íǹṣì kan yí i ká àti nísàlẹ̀ rẹ̀, kí ọ̀bẹ má kan èébu náà. Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ti rin, ẹ dà á nù.

Ìyá Ìbejì:
Bàbá, ẹ lọ ṣí ìbéèrè tiyín lọ́tọ̀.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:
Ìyá Àbíkẹ́yìn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó lọ: ohun tó jẹ, bó ṣe pọ̀ tó, bó ṣe pẹ́ tó kí ètè tó wú, ìgbà tó lọ. Dókítà máa béèrè. Tẹ́ ẹ bá ní àwòrán ètè yẹn, ó dáa gan-an.

Ìyá Àbíkẹ́yìn:
Ó wà nínú fóònù àkọ́bí mi. Ó yà á láti fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:
Ẹ ní kó fi ránṣẹ́ sí yín lálẹ́ yìí, kó má tíì pa á rẹ́.