Síkẹ́ẹ̀tìn ilé yín ńkọ́? Ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Àdùnní Alágbàká: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ilé wa lọ́nà Iléṣà ti kan táìsì. Oníṣẹ́ ní kí n yan síkẹ́ẹ̀tìn, ohun tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń lẹ mọ́ ìsàlẹ̀ ògiri yí yàrá po: ṣé táìsì tí wọ́n gé ni, àbí pákó, àbí ti rọ́bà funfun gíga tí gbogbo ayé ń gbé sórí fóònù báyìí. Ọkọ mi ní ohun tó bá ti wù mí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é, kí lojú yín rí?

Ọmọ Ekìmọ̀gún: Táìsì. Ó dàárọ̀ o.

Ìyá Ìbejì: Ẹ má dá a lóhùn, àwọn ará Oǹdó kì í ní sùúrù. Èmi fi pákó ṣe tèmi lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Funfun báláú, ó ga dé agbede ojúgun. Ó rẹwà, mi ò ní purọ́. Mi ò mọ̀ pé kì í ṣe pákó gidi, ìyẹ̀fun pákó tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀ ni. Àwọn ìbejì mi sì rèé, bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kan ni wọ́n fi ń nu yàrá kan. Kí ọdún tó yí po, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti wú bíi búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì. Èyí tó wà lẹ́bàá balùwẹ̀ já bọ́ gbàà lóru ọjọ́ kan, ọkọ mi rò pé olè ni, ó gbé àdá.

Ọmọ Ekìmọ̀gún: Àdá kẹ̀? Sí síkẹ́ẹ̀tìn? 😂😂

Ìyá Ìbejì: Ẹ máa rín in lọ.

Bàbá Ìjókà: Pákó gidi kò burú. Ìrókò ni tèmi, mo ní kí káfíńtà fi oògùn ikán kun ẹ̀yìn rẹ̀ kó tó kàn án. Ó di ọdún kẹsàn-án, kò mira. Àmọ́ ẹ wo ilẹ̀ tẹ́ ẹ kọ́lé sí o. Tí ògiri bá ń fa omi láti ìpìlẹ̀, síkẹ́ẹ̀tìn kankan ò ní gbà yín. Yóò kàn bo àbùkù fúngbà díẹ̀ ni, tó bá yá péńtì á bẹ̀rẹ̀ sí í bó lókè rẹ̀.

Kọ́lá FUTA: Bàbá, níbo lẹ ti rówó ìrókò?

Àbíkẹ́yìn: Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, ó ti pẹ́ tó ti ń dùn mí. Bàbá wa kọ́lé sí Àkúrẹ́ kété lẹ́yìn tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní 1976. Tẹrásò ni wọ́n dà sí pálọ̀, òkúta wẹ́wẹ́ funfun àti dúdú, wọ́n fi ẹ̀rọ lọ̀ ọ́ títí ó fi ń dán. Wọn ò lẹ síkẹ́ẹ̀tìn kankan mọ́ ọn. Tẹrásò yẹn náà ló gun ògiri lọ díẹ̀ tó di síkẹ́ẹ̀tìn, ó tẹ̀ roboto níbi igun, ìdọ̀tí ò ríbi há sí. Lẹ́yìn ìsìnkú bàbá, ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé l'Ékòó ní ilé ti di ti ayé àtijọ́. Ó kó táìsì ńlá tó ń dán bíi dígí wá, ó ní kí wọ́n fi òòlù fọ́ síkẹ́ẹ̀tìn, kí wọ́n lẹ táìsì lé ilẹ̀. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi fọ́ ọ. Màmá jókòó sí kọ̀rọ̀, wọ́n ń ṣa òkúta wẹ́wẹ́ sínú agolo mílíìkì. Òjò àkọ́kọ́ tó fẹ́ wọ pálọ̀, ẹsẹ̀ màmá yọ̀, wọ́n ṣubú. Ọlọ́run yọ wá, eegun ò kán. Ohun tí wọ́n sọ ò ju pé: "Ilẹ̀ bàbá yín ò gbé mi ṣubú rí."

Àdùnní Alágbàká: Háà. Agolo yẹn dà?

Àbíkẹ́yìn: Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn.

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀gbọ́n yẹn ni kí wọ́n gbé òòlù lé.

Táílà Ọ̀bà-Ilé: Ẹ jọ̀ọ́, èmi tó ń lẹ táìsì ń bẹ̀ yín, ẹ má gbé e ka táìsì lórí. Táìsì tójú rẹ̀ rí háráhárá wà lọ́jà, ẹni tó rà á ló fẹ́ dídán.

Ọmọ Ekìmọ̀gún: Táílà ti dé! Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń gbowó síkẹ́ẹ̀tìn lọ́tọ̀ lẹ́yìn tá a bá ti dúnàá tán?

Táílà Ọ̀bà-Ilé: Torí pé gígùn la fi ń wọn ọ́n. Ẹ gbọ́ ìṣirò. Táìsì 60 sí 60, ẹyọ 4 ló wà nínú páálí. A ó gé ẹyọ kan sí 6, ó dín díẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10 níbùú torí bíléèdì ń jẹ díẹ̀. Páálí kan á fún yín ní mítà 14 àti díẹ̀, ìyẹn ló yí yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12 po tẹ́ ẹ bá yọ ẹnu ilẹ̀kùn. Nínú 6 yẹn, 2 péré ló ní etí tí ilé iṣẹ́ ṣe. Àwọn yòókù, àfi ká fi ẹ̀rọ lọ̀ wọ́n kí wọ́n má gé ọmọ yín lẹ́sẹ̀. Ọ̀fẹ́ nìyẹn?

Ọmọ Ekìmọ̀gún: Tèmi ò lọ̀ ọ́ o, ó sì gbowó.

Bàbá Ìjókà: Ará Oǹdó ń ṣọ́ owó síkẹ́ẹ̀tìn, tó bá di ọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí, kò ní bèèrè iye.

Ọmọ Ekìmọ̀gún: Ọmọ Oyèmẹ̀kún, ẹ̀yin ará Àkúrẹ́, ẹ fi wá sílẹ̀ jàre. Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ máa ń wá jẹun níbẹ̀?

Fúnmi: Ti rọ́bà ni mo ṣe. Inú rẹ̀ ṣófo. Aáyán ti sọ ọ́ di títì márosẹ̀, láti kíṣìnnì dé yàrá.

Kọ́lá FUTA: Èyí tó ní iná lábẹ́ ni mo fẹ́, tó ń tàn búlúù lóru.

Fúnmi: Iná wo? Ìwọ àti jẹnẹrétọ̀ síkẹ́ẹ̀tìn.

Ọmọ Ìdànrè: Péńtì olóòórùn dúdú ni ìyá àgbà mi fi ń kun ìsàlẹ̀ ògiri tiwọn. Wọ́n ní nígbà èwe àwọn, ìgbẹ́ màlúù ni, ọmọbìnrin ilé ló ń fọwọ́ pa á. Síkẹ́ẹ̀tìn náà nìyẹn.

Ẹni Ilé: Ẹ dákun, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni. Ṣé síkẹ́ẹ̀tì tóbìnrin ń wọ̀ lẹ ń sọ?

Àdùnní Alágbàká: Táìsì ni màá ṣe, èyí tó háráhárá. Táílà, ẹ kọ̀wé sí mi ní kọ̀rọ̀, a ó sì jọ sọ̀rọ̀ lílọ̀ o.

Àbíkẹ́yìn: Màmá ti gbọ́ pé mo gbé ọ̀rọ̀ agolo wọn jáde. Wọ́n ní kí n bi Táílà bóyá òkúta yẹn lè tó da ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì.

Táílà Ọ̀bà-Ilé: Agolo mélòó ni?

Àbíkẹ́yìn: Mo rò pé ọ̀kan ni. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á jáde báyìí. Mọ́kànlá.