Ohun tí mo rí lórí títẹ ajá àti ológbò lọ́dàá ní Ṣágámù

Kò sí ẹni tí títẹ òbúkọ lọ́dàá ṣe àjèjì sí ní àdúgbò wa, ṣùgbọ́n bí a bá ti dárúkọ ajá, àwọn kan á ní ìwà ìkà ni. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí abo ajá ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí ó máa ń ṣọ́ àpò obì fún wọn lóru, ti ṣàìsàn. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí ó ti wá akọ tán, ó kọ oúnjẹ, ó ń mu omi ṣáá, ọyún sì ń jáde lójú ara rẹ̀. Àwọn ará ilé rò pé ó jẹ májèlé ni. Dókítà ẹran ní ilé ọmọ rẹ̀ ló kún fún ọyún, pé àìsàn yìí wọ́pọ̀ lára abo ajá tó ti dàgbà tí a kò yọ ilé ọmọ rẹ̀, àti pé iṣẹ́ abẹ kíákíá nìkan ló lè gbà á là. Ó yè é, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n iṣẹ́ abẹ tí kì bá nira lára ajá tí ara rẹ̀ le ti di ohun tí gbogbo ilé ń gbàdúrà lé lórí.

Ìdí nìyẹn tí mo fi tètè gbé abo ajá tèmi lọ kí wọ́n yọ ilé ọmọ rẹ̀, kí ó tó wá akọ rárá, nítorí dókítà ṣàlàyé pé èyí tún máa ń dín ewu jẹjẹrẹ ọmú kù gan-an. Láti alẹ́ ni a kò ti fún un lóúnjẹ, kí ó má baà bì nígbà tí oògùn oorun bá ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ní kí ó má fò sókè fún ọjọ́ 10 sí 14, kí ó má sì lá ojú ọgbẹ́. Síńgílẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ni mo wọ̀ fún un.

Ìyá mi, tí ń ta gàrí, kò kọ́kọ́ gbà kí a tẹ akọ ológbò rẹ̀ lọ́dàá, ó ní kò ní í pa eku mọ́. Eku ṣì ń kú. Ìtọ̀ olóòórùn tí ó ń tọ̀ sára ilẹ̀kùn àti ìjà òru ló dáwọ́ dúró. Ẹ ṣáà jẹ́ kí irú rẹ̀ jìnnà sí abo fún bí oṣù kan, nítorí àtọ̀ tó ṣẹ́kù lára rẹ̀ ṣì lè fún abo lóyún. Kí ẹ sì dín oúnjẹ rẹ̀ kù díẹ̀, torí ó máa ń tètè sanra.

Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi wà lọ́tọ̀ o: ọdọọdún ni a ń gbà á fún àwọn méjèèjì.