Ẹ́ńjìnnì 1801 tó máa ń wọ́ ẹrù kọjá l'Óṣogbo tẹ́lẹ̀: ẹ wá sọ ohun tí ẹ mọ̀

Ọmọ Stéṣọ̀n
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ 1801, irú ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kan tí rélùwéè Nàìjíríà lò, la fẹ́ sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìtàn ẹni tó bá yín wọkọ̀ sílẹ̀; inú ẹ̀rọ náà ni kí ẹ tú fún wa. Irin dé Òṣogbo ní 1907, ẹ̀rọ tó ń jẹ èédú ló sì ń wọ́ ọkọ̀ nígbà náà, kí dísẹ́ẹ̀lì tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Montreal ní Kánádà ni ilé iṣẹ́ MLW (Montreal Locomotive Works) ti ṣe 1801, MX620 sì lorúkọ tí wọ́n fi ń tà á. M ni MLW, X ni ọjà òkèèrè, 6 ni iye ọ̀pá ẹsẹ̀ rẹ̀ (ọ̀pá kan fún ẹsẹ̀ méjì), 20 ni agbára ẹṣin 2,000. Ojú irin tóóró wa, 1,067 mm láàárín irin méjèèjì, ni wọ́n wọn ẹsẹ̀ rẹ̀ sí.

Àgbà Fítà
O ṣeun, ọmọ mi. Alco 251 oní-sìlíńdà 12 ló wà nínú rẹ̀, mẹ́fà lọ́tùn-ún, mẹ́fà lósì; Alco ni ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀. Ihò sìlíńdà kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó ínǹṣì 9.

Èéfín dúdú tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n kì í ṣe àìsàn. Èéfín tó ń jáde ló ń yí turbo, turbo ló sì ń fẹ́ atẹ́gùn wọlé. Bí awakọ̀ bá fún un lágbára lójijì, epo á ti dé sìlíńdà kí turbo tó sáré, atẹ́gùn ò ní tó epo jó. Kò yẹ kó pẹ́ kó tó mọ́. Bí kò bá mọ́, asẹ́ atẹ́gùn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà nọ́sùlù tó ń fọ́n epo sínú sìlíńdà. Àwọn mìíràn á ti tú turbo kalẹ̀, eruku ọyẹ́ lásán ló di asẹ́! Bí èéfín bá rí bíi aró, ọ́ìlì ló ń jó.

Omi gan-an lọ̀tá rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tó bá sùn mọ́jú, omi lè ti jò sórí písítìnì, omi ò sì ṣeé fún pọ̀ bí atẹ́gùn. Ẹni tó bá kàn ṣíná rẹ̀, ọ̀pá písítìnì á tẹ̀. Ẹ ṣí ihò àyẹ̀wò sìlíńdà méjèèjìlá, kí ẹ fi irin yí ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́, àyípo méjì gbáko, torí àyípo méjì ni písítìnì kọ̀ọ̀kan fi ń parí iṣẹ́ rẹ̀. Bí omi bá tú jáde, ẹ má ṣíná rẹ̀. Bí ọ́ìlì bá ti funfun bí ẹ̀kọ mímu, ẹ wo rọ́bà ìdí láínà, ìyẹn awọ irin inú sìlíńdà tí písítìnì ń rìn nínú rẹ̀.

Governor, kì í ṣe gómìnà Ọ̀ṣun tó wà l'Òkè-Fìà o, ló ń bu epo fún un, òun náà ló sì ń pa ẹ́ńjìnnì bí agbára ọ́ìlì bá lọ sílẹ̀. Àwọn kan máa ń fi nǹkan há a kó má bàa pa á. Irú wọn ló ń ba crankshaft jẹ́, ọ̀pá ńlá tí àwọn písítìnì ń yí.

Wáyà-Ò-Gbọdọ̀-Jó
Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Ẹ jẹ́ n fi ti iná kún un. Kò sí jíà tí awakọ̀ ń pààrọ̀: ẹ́ńjìnnì ń yí jẹnẹrétọ̀, iná rẹ̀ ń lọ sí mọ́tò iná mẹ́fà, ọ̀kan fún ọ̀pá ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí ọkọ̀ bá ń rá pálá pẹ̀lú ẹrù ni iná tó ń wọ mọ́tò pọ̀ jù. Bí ọwọ́ áago iná bá pẹ́ lójú pupa, wáyà inú mọ́tò á jó.

Lásìkò òjò, koríko tí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ lórí irin máa ń yọ̀ bí ilá. Yanrìn loògùn rẹ̀, àmọ́ kí wọ́n sẹ́ ẹ, kí wọ́n yan án gbẹ. Yanrìn tútù á dì lẹ́nu ọ̀pá tó ń dà á sójú irin. Kí awakọ̀ sì dín agbára kù kó tó dà á sílẹ̀.

Ọmọ Stéṣọ̀n
Ẹ ṣé, ẹ̀yin àgbà. Kí ló wá lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́?

Àgbà Fítà
Ilé tó bí i ló kọ́kọ́ tú. Alco ti ilẹ̀kùn ní Amẹ́ríkà ní 1969, Bombardier gba MLW ní 1975, ó sì pa iṣẹ́ ṣíṣe ẹ́ńjìnnì rélùwéè tì ní 1985. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín pé kò sí ẹ̀yà ara rẹ̀ mọ́ láyé. Íńdíà ṣì ń ṣe irú ẹ́ńjìnnì yìí ní Varanasi fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Owó tí wọn ì bá fi rà á ló wọ́n.

Ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ò ní ọjọ́ kan pàtó. Turbo ọ̀kan á kú, wọ́n á yọ ti èyí tó ń dúró de àtúnṣe. Lọ́la orí sìlíńdà, lọ́túnla bátìrì, títí èyí tó ń dúró á fi di páńda. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n ń pè ní 2201 dé, GE C25-EMP mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n láti Brazil.

Akẹ́kọ̀ọ́ Irin
Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé wọn ò lè gbé àwọn tó kù lọ sójú irin tuntun Èkó sí Ìbàdàn?

Wáyà-Ò-Gbọdọ̀-Jó
Rárá o. 1,435 mm nìyẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ á já sáàárín irin. Bí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tó ṣì ṣeé jí, ẹ wo ẹnu símíní rẹ̀. Bí wọn ò bá fi nǹkan bò ó, òjò ọdún mélòó kan ti wọ turbo. Kí ẹ wá gbìyànjú àtiyí i lọ́wọ́. Bí kò bá mira, písítìnì ti dógùn-ún mọ́ láínà.