Nínú ẹni ọgọ́rùn-ún tí kòrónà mú, ẹni mélòó ló ń kú ní tòótọ́?

Àbúrò Ìjẹ̀bú béèrè pé:

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ènìyàn wa. Ọ̀rọ̀ kan wà tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kò tíì bá ara wa sọ tán láti ọdún 2020, mo sì gbà pé àwọn tí ó mọ̀ nípa rẹ̀ wà níbí tí wọ́n lè là á yé wa. Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta ọdún náà, Tedros Adhanom Ghebreyesus, ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé, sọ fún àwọn oníròyìn pé nínú àwọn tí a ti kọ sílẹ̀ káàkiri ayé pé wọ́n ní kòrónà, nǹkan bí ìdá 3.4 nínú ọgọ́rùn-ún ló ti kú. Ní ọjọ́ kejì rẹ̀, Donald Trump, tí ó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, sọ lórí tẹlifíṣọ̀n pé òun kò gba iye yẹn gbọ́, pé ọkàn òun sọ fún òun pé kò tó ìdá kan. Nígbà tó yá, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí í pe iye tí ó wà ní àyíká ìdá kan tàbí tí kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní ṣe ni wọ́n fi iye àkọ́kọ́ dẹ́rù bà wá kí wọ́n lè rí wa tì mọ́lé. Èmi ní kò rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n n kò ní àlàyé tí ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ìbéèrè mi rèé: ṣé irọ́ ni iye àkọ́kọ́ yẹn ni, àbí àrùn náà ló yí padà? Báwo ló sì ṣe jẹ́ pé ní orílẹ̀-èdè kan, ìdá mẹ́wàá ń kú, tí ó sì jẹ́ pé ní orílẹ̀-èdè tí kò jìnnà sí i, kò ju ìdá kan lọ, nígbà tí ó jẹ́ pé àrùn kan náà ni?

Olùkọ́ Ìṣirò, Ìbàdàn, dáhùn pé:

Iye méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹ̀yin méjèèjì ń bára yín jiyàn lé lórí bí ẹni pé ọ̀kan ṣoṣo ni. Àkọ́kọ́ ń béèrè pé nínú àwọn tí àyẹ̀wò ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé wọ́n ní àrùn yìí, ẹni mélòó ló kú. Èkejì ń béèrè pé nínú gbogbo àwọn tí kòkòrò náà wọ ara wọn, títí kan ẹni tí kò tilẹ̀ fura pé nǹkan kan ṣe òun, ẹni mélòó ló kú. Àwọn òkú lè jẹ́ ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n iye ènìyàn tí a ó pín wọn sí yàtọ̀ pátápátá. Ìdá 3.4 tí Tedros pè jẹ́ ti àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ gan-an ló sì ṣe sọ ọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti lọ́jú pọ̀ ni gbólóhùn tí ó tẹ̀ lé e, níbi tí ó ti fi í wé àrùn fúlúù ọlọ́dọọdún, tí ó ní fúlúù kì í pa tó ìdá kan nínú àwọn tí ó bá ràn. Àwọn tí a kọ sílẹ̀ ni ó fi wé gbogbo àwọn tí àrùn ràn. Ní tèmi o, gbólóhùn kejì yìí ló da ayé rú ju iye náà fúnra rẹ̀ lọ.

Ẹ wò ó láti ibi tí àrùn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ìròyìn tí ikọ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé àti ti China jọ kọ ní oṣù Kejì 2020 sọ pé nínú ènìyàn 55,924 tí àyẹ̀wò fìdí àrùn wọn múlẹ̀, 2,114 ti kú, èyí tí í ṣe ìdá 3.8. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ya Wuhan sọ́tọ̀, ìdá 5.8 ni tirẹ̀, tí àwọn agbègbè yòókù ní China sì jẹ́ ìdá 0.7. Ìdí ni pé ní Wuhan, ilé ìwòsàn ti kún àkúnya, ẹni tí àìsàn ti wọ̀ lára ni wọ́n ráyè yẹ̀ wò. Ẹni tí ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà mẹ́káníìkì ní láti rò pé gbogbo ọkọ̀ ìlú ló ti bàjẹ́.

Ohun kan náà ló fa ti Ítálì àti Jámánì. Ní ìparí oṣù Kẹta, ó ti ju ìdá 11 lọ ní Ítálì, kò sì ju nǹkan bí ìdá kan lọ ní Jámánì. Àyẹ̀wò pọ̀ ní Jámánì láti ìbẹ̀rẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n sì kọ́kọ́ rí jẹ́ ọ̀dọ́ àti àgbàlagbà tí ara wọn ṣì le, tí wọ́n lọ ṣeré lórí yìnyín ní àwọn òkè Alps. Ní àríwá Ítálì, àwọn arúgbó ló kún ilé ìwòsàn.

Ibi tí a ti kọ́kọ́ rí nǹkan tí ó mọ́ díẹ̀ ni ọkọ̀ ojú omi Diamond Princess tí wọ́n sé mọ́ ní Yokohama ní Japan, nítorí pé èèyàn kò lè sá kúrò nínú rẹ̀, wọ́n sì yẹ gbogbo wọn wò. Ènìyàn 3,711 ló wà nínú rẹ̀, àrùn náà ran 712, nǹkan bí ìdajì wọn kò sì ní àmì àìsàn kankan ní ọjọ́ tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò. Àwọn tí ó kú nínú wọn jẹ́ 13 tàbí 14, ó sinmi lórí ẹni tí ó ń kà á. Ìyẹn sún mọ́ ìdá méjì, láàárín èrò ọkọ̀ tí púpọ̀ wọn ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún.

Kí ẹ̀gbọ́n yín má sì rò pé iye àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ máa ga ju òótọ́ lọ ní gbogbo ìgbà. Ikú kì í bá àìsàn dé lọ́jọ́ kan náà. Ẹni tí a yẹ̀ wò lónìí lè kú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí SARS, àrùn èémí kan tí ó bá kòrónà tan, bẹ̀rẹ̀ ní 2003, nǹkan bí ìdá mẹ́rin ni wọ́n ń pè. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, 774 ló kú nínú 8,096, èyí tí í ṣe ìdá 9.6. Ti Ebola náà rí bẹ́ẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 2014: ẹni tí ó bá pín àwọn òkú sí gbogbo aláìsàn yóò rí nǹkan bí ìdajì, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ka kìkì àwọn tí a ti mọ bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe parí, ó di nǹkan bí ìdá 70.

Ní ti pé ìdá 3.4 ni wọ́n fi tì wá mọ́lé, ó yẹ kí ẹ̀gbọ́n yín mọ̀ pé ìṣirò tí ó ba ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lẹ́rù jù, tí Imperial College, yunifásítì kan ní London, gbé jáde ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹta 2020, kò lo ìdá 3.4 rárá. Ìdá 0.9 ni wọ́n lò. Ìdá tí kò pé ọ̀kan yẹn ló mú wọn sọ pé tí a kò bá ṣe ohunkóhun, nǹkan bí ènìyàn 510,000 ni yóò kú ní Gẹ̀ẹ́sì. Ìdá kékeré nínú ogunlọ́gọ̀ ènìyàn kì í ṣe òkú kékeré.

Nọ́ọ̀sì Ọ̀wọ̀ dáhùn pé:

Ẹ ṣeun, Olùkọ́. Àwa tí a ti ṣiṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ Òǹdó ti mọ irú àríyànjiyàn yìí tipẹ́ nípa ibà Lassa. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí ẹni mẹ́jọ nínú mẹ́wàá tí Lassa bá ràn ni kò ní rí ju àmì díẹ̀ lọ tàbí kí wọ́n má rí ohunkóhun, àti pé nínú gbogbo àwọn tí ó ràn, ìdá kan ló ń kú. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tí a dá dúró sí ilé ìwòsàn nítorí pé ó wọ̀ wọ́n lára, nǹkan bí ìdá 15 ni. Ẹ lọ sọ fún nọ́ọ̀sì tí ó wà ní wọ́ọ̀dù Lassa pé ìdá kan ni, kí ẹ sì dúró gbọ́ ohun tí yóò fi dá yín lóhùn.

Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé kò sí iye kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni lè pè ní ti kòrónà, nítorí pé ọjọ́ orí ló ń ṣe ìdájọ́ rẹ̀. Àwọn tí ó kó ìwádìí oríṣiríṣi jọ láti àwọn orílẹ̀-èdè olówó, kí abẹ́rẹ́ àjẹsára tó dé, rí i pé nínú ẹgbẹ̀rún kan ènìyàn ọlọ́dún 55 tí kòkòrò náà ràn, nǹkan bí mẹ́rin ló ń kú; bí wọ́n bá jẹ́ ọlọ́dún 65, ó di 14; ọlọ́dún 75, ó di 46; ọlọ́dún 85, ó di 150. Ti ọmọ ọdún mẹ́wàá kò ju nǹkan bí méjì lọ nínú ọ̀kẹ́ márùn-ún, ìyẹn 100,000. Ẹ wá fi èyí wo Nàìjíríà tí ìdajì ènìyàn rẹ̀ kò tíì ju nǹkan bí ọdún 18 lọ, kí ẹ sì fi wo Ítálì. Bí gbogbo ìyókù bá tilẹ̀ dọ́gba, iye wọn kò lè dọ́gba.

Ojú Lalákàn dáhùn pé:

Mo gbọ́ gbogbo àlàyé yín, ṣùgbọ́n ẹ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àwọn òkú ni iye tí ó dájú, tí ó jẹ́ pé iye àwọn tí àrùn ràn nìkan ni a ń wá. Ta ló sọ pé gbogbo òkú tí wọ́n kà jẹ́ ti kòrónà? Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń bá fínra fún ogún ọdún, tí àyẹ̀wò fi hàn pé ó ní kòrónà, tí ó sì kú, àìsàn wo ló pa á? Ní Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́, ṣebí wọ́n ní ẹni tí ọkọ̀ gbá pàápàá, òkú kòrónà ni?

Ọmọ Peckham dáhùn pé:

Ẹ̀gbọ́n Ojú Lalákàn, òótọ́ wà nínú ohun tí ẹ sọ, ìlú tí mo ń gbé ló sì ti ṣẹlẹ̀. Títí di oṣù Kẹjọ 2020, ẹnikẹ́ni tí àyẹ̀wò bá ti fi hàn rí ní England pé ó ní kòrónà, bí ó bá kú lẹ́yìn oṣù mélòó kan pàápàá, ohun yòówù kí ó pa á, wọ́n ń kà á mọ́ ọn. Ní ọjọ́ 12 oṣù náà, wọ́n sọ ọ́ di ikú láàárín ọjọ́ 28 sí ọjọ́ àyẹ̀wò, àpapọ̀ òkú gbogbo UK sì já wálẹ̀ lójijì láti 46,706 sí 41,329. Ẹ dúró ná o. Ní àkókò kan náà yẹn, ìwé ẹ̀rí ikú tí dókítà kọ kòrónà sí ti ju 50,000 lọ, nítorí pé ọ̀pọ̀ arúgbó ló kú ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ní ìbẹ̀rẹ̀ láìsí ẹni tí ó yẹ̀ wọ́n wò. Àṣìkà náà wà, ṣùgbọ́n àwọn òkú tí wọn kò kà rárá pọ̀ jù ú lọ.

Ní China, ìjọba Wuhan fi òkú 1,290 kún iye wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹrin 2020, ó sì di 3,869. Ti Peru ló yà mí lẹ́nu jù. Ní ìparí oṣù Karùn-ún 2021, ìjọba ibẹ̀ tún òkú wọn kà, iye wọn sì fò láti 69,342 sí 180,764. Nítorí irú èyí ni àwọn onímọ̀ ṣe fi ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò sílẹ̀, tí wọ́n sì ń béèrè pé ènìyàn mélòó ló kú lọ́dún náà ju iye tí ó máa ń kú lọ. Ìṣirò Àjọ Ìlera Àgbáyé tí ó jáde ní oṣù Karùn-ún 2022 sọ pé ikú tí ó lé ní 2020 àti 2021 jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 14.9, nígbà tí ó jẹ́ pé mílíọ̀nù 5.4 ni àwọn ìjọba kà. Kì í ṣe kòrónà nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó kú nítorí pé ilé ìwòsàn kò ráyè tirẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Àbúrò Ìjẹ̀bú kọ ọ́ pé:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mo ti fi ti Imperial College ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi, kò sì tíì dáhùn. Ohun tí ó ń sọ ṣáájú ni pé kí n ṣàlàyé ti Nàìjíríà: òkú 3,155 péré nínú orílẹ̀-èdè tí ó lé ní igba mílíọ̀nù. Ṣé kò pa wá ni, àbí a kò kà wọ́n?

Olùkọ́ Ìṣirò, Ìbàdàn, dáhùn pé:

Méjèèjì ni, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe tó ni kò rọrùn láti yà sọ́tọ̀. Nọ́ọ̀sì wa ti sọ ti ọjọ́ orí. Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn tí ó ràn. Ní oṣù Kẹsàn-án sí ìkẹwàá 2020, NCDC, àjọ tí ń rí sí ìdènà àrùn ní Nàìjíríà, gba ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ó lé ní 10,000 ní ìpínlẹ̀ mẹ́rin láti wá àmì pé kòkòrò náà ti gba ara wọn kọjá. Wọ́n rí i lára ìdá 23 ní Èkó àti ní Enugu, ìdá 19 ní Nasarawa, ìdá mẹ́sàn-án ní Gombe. Bí àwọn ará Èkó kò bá tilẹ̀ ju mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ, wọ́n sì ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ìdá 23 wọn ju mílíọ̀nù méjì lọ. Ní àkókò yẹn, gbogbo àwọn tí àyẹ̀wò ti rí ní Nàìjíríà lápapọ̀ kò tíì pé 65,000.

Ti òkú wá ńkọ́? Ní Kano, ní oṣù Kẹrin 2020, àwọn tí ń gbẹ́ sàréè kígbe pé iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún àwọn, àwọn aláṣẹ sì kọ́kọ́ ní àìsàn mìíràn ni. Ní oṣù Kẹfà, mínísítà ìlera, Osagie Ehanire, jẹ́wọ́ pé ikọ̀ ìwádìí rí òkú 979 ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́jọ, tí ó ń lọ ní 43 lójúmọ́ dípò nǹkan bí 11 tí wọ́n máa ń rí, àti pé ó ṣeé ṣe kí ìdá 50 sí 60 nínú wọn jẹ́ ti kòrónà. "Ó ṣeé ṣe" ló wà níbẹ̀, nítorí pé wọ́n ti sin wọ́n kí ẹnikẹ́ni tó yẹ̀ wọ́n wò. Kano nìkan nìyẹn, tí ariwo ta níbẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, ènìyàn a kú sílé, wọn a sin ín sí ọ̀ọ̀dẹ̀ tàbí ìtẹ́ lọ́jọ́ kejì, kò sí ìwé kankan tí yóò dé ọ́fíìsì Àjọ Ètò Ìkànìyàn. Àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì lè ṣírò ikú tí ó lé nítorí pé wọ́n mọ iye tí ó máa ń kú lọ́dọọdún. Àwa kò ní èyí tí a ó yọ kúrò lára èyí.

Nítorí náà, bí ẹ̀gbọ́n yín bá pín 3,155 sí nǹkan bí 266,000 tí a kọ sílẹ̀ títí dé ìgbẹ̀yìn, ìdá 1.2 ni yóò rí. Ó jọ iye tí àwọn orílẹ̀-èdè olówó ń pè fún gbogbo àwọn tí ó ràn nílẹ̀ wọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun kan náà rárá: àwọn tí ó ràn nílẹ̀ wa pọ̀ ju 266,000 lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po, àwọn òkú wa náà sì ju 3,155 lọ.