"Lílù" kọ́ ni wọ́n ń ṣe sí bulọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Nínú àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ẹ dábàá fún iṣẹ́ títún bulọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ (ara ẹ́ńjìnnì tí àwọn sílíńdà wà nínú rẹ̀) ṣe, mo fara mọ́ "fífá ojú", ìyẹn iṣẹ́ tó ń mú kí ibi tí tọ́ọ̀pù sílíńdà, ìdérí bulọ́ọ̀kù, ń jókòó lé tẹ́jú. "Lílu ihò" àti "dídán ihò" ni n kò lè gbà. Orí ìwé owó iṣẹ́ ni àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ń lọ, ẹni tí yóò sanwó ni yóò sì kà wọ́n.

Ohun tí kò ní ihò la máa ń lu. Sílíńdà ti ní ihò tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, inú rẹ̀ ni písítìnì ti ń lọ sókè sódò. Písítìnì àti ríìngì tó yí i ká ló ti ń jẹ ihò náà lára, tí kò fi ṣe roboto mọ́, tó sì sábà máa ń fẹ̀ lápá òkè ju ìsàlẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ á wá gé irin náà káàkiri títí yóò fi padà ṣe roboto ní ìwọ̀n tuntun, bóyá mílímítà 0.25 tàbí 0.50 ju ti tẹ́lẹ̀. "Fífẹ ihò lójú" ni kí a pè é. Ẹni tó bá ka "fífẹ̀" á tètè mọ̀ pé písítìnì àtijọ́ ti kéré sí ihò náà, pé òun máa ra tuntun, àti pé iye ihò ni wọ́n sábà fi ń ṣírò owó rẹ̀. Ó tún yẹ kó ra písítìnì ọ̀hún kí wọ́n tó parí gígé, torí pé ara písítìnì gan-an ni oníṣẹ́ yóò ti wọn ààyè tí yóò fi sílẹ̀.

"Dídán" ló léwu jù. Òkúta ìlọ̀ tí wọ́n ń yí tí wọ́n tún ń gbé sókè sódò nínú ihò náà ń fi ìlà wẹ́wẹ́ sílẹ̀, tó ń gba ara wọn kọjá. Inú ìlà yìí ni ọ́ìlì ń dúró sí, òun náà ló ń jẹ́ kí ríìngì jókòó dáadáa. Bí ihò bá dán bíi dígí, ríìngì kò ní bá a mu, ẹ́ńjìnnì á máa jó ọ́ìlì, èéfín á máa jáde. Ẹni tó bá sì ka "dídán" lè rò pé ẹwà lásán ni, kó ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú owó.

"Sísín gbẹ́rẹ́" ni mo dábàá fún iṣẹ́ òkúta ìlọ̀ yìí. Ẹnì kan nínú wa ti sọ pé oògùn ló ni gbẹ́rẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn: a sín in wẹ́wẹ́ kí ohun tí a fi ra á lè wọlé, kó sì dúró. Iṣẹ́ kan náà ni ìlà yìí ń ṣe fún ọ́ìlì.

Ẹni tó mú "àkọ̀" wá fún láínà, ìyẹn ọ̀pá oníhò tí wọ́n ń tẹ̀ bọ inú sílíńdà tó bàjẹ́, ṣe é gan-an. Bí ihò kan ṣoṣo bá bàjẹ́ kọjá ààlà, àkọ̀ kan lè gba àwọn yòókù lọ́wọ́ fífẹ̀, owó písítìnì tuntun a sì dínkù.

Kò sẹ́ni tó tíì mẹ́nu kan wíwá ojú sísán. Bí bulọ́ọ̀kù bá jẹ́ irin, wọ́n á sọ ọ́ di mágínẹ́ẹ̀tì, wọ́n á wọ́n ìyẹ̀fun irin sí i, ìyẹ̀fun náà á sì tò sí ojú ibi tó sán. Owó tí a bá ná sórí fífẹ̀ àti gbẹ́rẹ́ kí a tó ṣe èyí lè ṣòfò pátápátá. Mo dábàá "wíwá ojú sísán", kí ó sì ṣáájú gbogbo àwọn yòókù nínú àtòjọ wa.