Mo ti bọ́ aṣọ ṣọ́jà, ara mi ò tíì gbà

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọdún 21 ni mo lò lẹ́nu iṣẹ́ ṣọ́jà. Oṣù kẹjọ rèé tí mo ti fẹ̀yìntì. Mo rò pé oorun ni n ó máa sùn, àṣé oorun gan-an ni yóò kọ́kọ́ sá fún mi. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí, mo ti jí, mo ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ti dán bàtà tí mi ò ní wọ̀ lọ síbì kankan. Mo wá jókòó. Kò sẹ́ni tó máa sọ ohun tó kàn fún mi.

Lọ́jọ́ Àìkú, ìdérí ìkòkò bọ́ lọ́wọ́ ọmọ mi obìnrin. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti na gbalaja sílẹ̀ lẹ́yìn àga. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ni. Ìgbà tó rí ojú mi ló bú sẹ́kún. Ìyá rẹ̀ ní kí n lọ rí dókítà. Ṣé wèrè wá ni mí ni?

Ìyàwó Ṣọ́jà: Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Ọkọ tèmi ò lè jókòó kó kẹ́yìn sí ilẹ̀kùn. A ò bá a jà sí i mọ́, a ti fi àga kan sílẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ẹ bá ọmọ yẹn sọ̀rọ̀ o, kó má lọ rò pé òun ló ṣẹ̀.

Ọmọ Ìyá: Ẹ wá iṣẹ́ ọlọ́dẹ òru ṣe, ẹ ṣáà ti ń jí.

Àgbà Ṣọ́jà: Ọlọ́dẹ òru kẹ̀? Ẹni tí kò rí oorun sùn! Àbúrò, má dá a lóhùn. Ọtí lèmi fi ń wá oorun nígbà tèmi. Ó máa ń gbé mi sùn lóòótọ́, àmọ́ tó bá di aago méjì òru, mo ti ta jí, àlá ọ̀hún á tún le ju tàná lọ. Má dán an wò.

Nọ́ọ̀sì: Wèrè kọ́ o, sà. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn kan ń pe irú rẹ̀ ní ojo. Ọdún 1980 ni àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà tó kọ orúkọ PTSD, ìyẹn àìsàn ọkàn tó máa ń tẹ̀lé ohun ẹ̀rù tí èèyàn ti là kọjá, sínú ìwé àìsàn wọn. Mi ò sọ pé òun ló ń ṣe yín, dókítà ló lè sọ. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́jọ ti pọ̀ jù. Ọ̀rọ̀ sísọ ló pọ̀ jù nínú ìtọ́jú rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, títí ara yóò fi gbà pé ìdérí ìkòkò ni, kì í ṣe ìbọn.

Oníbèéèrè: Mo ti bá ọmọ náà sọ̀rọ̀. Ó ní, "Dádì, ta lẹ rò pé ó ń bọ̀?" Mi ò rí èsì fún un. Ọjọ́rú ni dókítà ní ká wá, aago mẹ́wàá. Mo ti dán bàtà sílẹ̀.